Kànga Nínú Ilé Ayálégbé

Ẹ̀yin ará wa nínú Ìsìláàmù, ọ̀pọ̀ wa ní Ìlaròó àti Ayétòrò ló háyà yàrá nínú ilé àtijọ́ olójúkojú, tí kànga kò jìnnà sí ṣáláńgá. Bí àwọ̀, adùn tàbí òórùn omi kò bá yí padà, a lè fi ṣe àlùwàlá. Ìyẹn kò ní kó ṣeé mu. Kòkòrò àrùn onígbáméjì kò ṣeé fojú rí, ó sì lè gba abẹ́ ilẹ̀ wọ kànga. Ó yẹ kí àlàfo wọn tó 30 mítà. Àgbàlá wa mélòó ló gùn tó bẹ́ẹ̀? Iṣẹ́ onílé ni láti mọ etí kànga sókè, kó sì fi ìdérí sí i. Kí gbogbo ayálégbé jọ sọ fún un kí owó ilé tó pé. Kó tó ṣe é, ẹ máa se omi mímu kó hó dáadáa, kí ẹ sì máa fi dòrò kọ́, kó má kan ilẹ̀.