Àyẹ̀wò Próstéètì fún Ọkùnrin Agbègbè Wa

Ẹ̀yin bàbá àti ẹ̀gbọ́n wa ní Ìrè, Ọ̀yẹ́, Ìkọ̀lé àti Ìdó, nínú gbogbo oríṣi jẹjẹrẹ, ti próstéètì ló ń mú ọkùnrin jù lọ ní Nàìjíríà. Ìsàlẹ̀ àpò ìtọ̀ ni próstéètì wà, ó yí ọ̀nà ìtọ̀ ká, òun ló sì ń pèsè lára omi tó ń gbé àtọ̀ jáde.

Àrùn yìí kì í tètè fara hàn. Ẹ̀gbẹ́ ìta próstéètì ló ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ìtọ̀ lè máa dà geere fún ọdún púpọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fura. Bó bá wọ eegun, ẹ̀yìn àti ìbàdí ni yóò máa ro èèyàn. Bí wọ́n bá ń sọ nílé yín pé ẹ̀yìn ríro ló pa bàbá àgbà, ẹ tún ọ̀rọ̀ náà béèrè dáadáa.

Ìdí tí a fi ní kí ẹ béèrè ni pé inú DNA, àkọsílẹ̀ tó ń darí sẹ́ẹ̀lì, ni jẹjẹrẹ ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí àkọsílẹ̀ náà bá bàjẹ́ tí ara kò rí i tún ṣe, sẹ́ẹ̀lì á máa pọ̀ láìgbàṣẹ. Ẹlòmíràn jogún ìbàjẹ́ náà ni. Jíìnì BRCA2 ló yẹ kó máa tún DNA tó já ṣe. Èyí tó ti bàjẹ́ lè ti ọ̀dọ̀ bàbá wá, ó sì lè ti ọ̀dọ̀ ìyá wá. Òun kan náà ló ń fa jẹjẹrẹ ọyàn nínú àwọn ìdílé kan. Nítorí náà, jẹjẹrẹ ọyàn tó mú ìyá yín tàbí àbúrò rẹ̀ kan ẹ̀yin ọkùnrin náà. Àwọn olùwádìí tún ti rí ìyípadà kan nínú jíìnì HOXB13 lára àwọn tí ìran wọn ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ṣẹ̀ wá. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Fọlákẹ́mi Ọdẹ́dínà àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe nínú ẹgbẹ́ CaPTC, tó so olùwádìí Nàìjíríà pọ̀ mọ́ ti Amẹ́ríkà. Bí ọdún Ògún bá kó ọmọ Ìrè jọ sílé, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ohun tó pa ta ni àti ọjọ́ orí rẹ̀ nígbà náà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ mú un lọ bá dókítà.

Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe àyẹ̀wò PSA. Próstéètì fúnra rẹ̀ ló ń ṣe PSA. Bí nǹkan bá ń dà á láàmú, púpọ̀ á jò wọ inú ẹ̀jẹ̀. Bó bá ju 4 lọ, ọ̀pọ̀ dókítà á fẹ́ wádìí sí i, ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kò sọ pé jẹjẹrẹ ni: próstéètì tó wú nítorí ọjọ́ orí àti kòkòrò ojú ìtọ̀ náà ń gbé e sókè. Kí ẹ tó lọ, ẹ yẹra fún ìbálòpọ̀ àti kẹ̀kẹ́ gígùn fún ọjọ́ méjì. Bí ẹ bá ń lo oògùn finasteride, ẹ sọ fún dókítà, torí ó máa ń dín PSA kù tó ìdajì. Dókítà lè fi ìka yẹ̀ yín wò pẹ̀lú. A mọ̀ pé àwọn àgbà kì í fẹ́ gbọ́ èyí rárá; kì í pẹ́ tó fi ń parí. Bí ìfura bá kù, wọ́n á ya àwòrán MRI, wọ́n á sì mú ẹran bíńtín lọ sí láàbù. Àgbo lè mú kí ìtọ̀ rọrùn díẹ̀, kò lè sọ ohun tó wà nínú ẹran náà.

  

Ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ nípa PSA láti ọmọ ọdún 45, tàbí 40 bí jẹjẹrẹ próstéètì bá ti mú bàbá tàbí arákùnrin yín. Ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín lè kọ ìwé fún yín lọ sí ilé ìwòsàn ìkọ́ni ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó, tàbí ti ìpínlẹ̀ ní Adó. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí wọ́n bá rí i lára rẹ̀ ni wọ́n ń ṣe iṣẹ́ abẹ fún; èyí tí kò yára, wọ́n lè kàn máa ṣọ́ ọ.

Bí ìtọ̀ bá dí pátápátá, tàbí tí ẹsẹ̀ méjèèjì ṣàdédé rọ pẹ̀lú ẹ̀yìn ríro, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ dé ilé ìwòsàn, bó tilẹ̀ jẹ́ òru.