Bẹ́ẹ̀sì Tó Sọnù Sínú Ilẹ̀kùn Ọkọ̀

Bátìrì tọ́ọ̀ṣì ńlá kan ni rìwáyà àdúgbò wa ní Nasarawa, níhìn-ín ní Kaduna, kọ́kọ́ mú jáde nínú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. Ó ti tú pátákó ilẹ̀kùn ọkọ̀ mi. Ó fi wáyà sípíkà kan kan orí bátìrì, ó fi èkejì kan ìdí rẹ̀. Sípíkà dún "tọ́", bébà rẹ̀ sì yọ síta díẹ̀. "Ẹ wò ó, ọ̀gá, èyí dáa." Nígbà tó ṣe bákan náà fún ilẹ̀kùn kejì, ṣe ni bébà náà wọlé. Ẹnì kan ti so wáyà rẹ̀ lódì, bóyá kí ọkọ̀ náà tó délé wa pàápàá.

Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń ráhùn pé Corolla yìí kò ní bẹ́ẹ̀sì, tí mo sì ń tu owó ámpù jọ. Àṣé bí sípíkà ọ̀tún ṣe ń ti afẹ́fẹ́ ni tòsì ń fà á, tí wọ́n sì ń pa bẹ́ẹ̀sì ara wọn. Rìwáyà pààrọ̀ ipò wáyà méjì, ó gba owó tí kò tó ti oúnjẹ àárọ̀ mi, bẹ́ẹ̀sì dé.

Díẹ̀ ṣì kù. Bí sípíkà ṣe ń ti afẹ́fẹ́ síwájú ló ń fà á lẹ́yìn. Bí ohùn ẹ̀yìn bá rí ihò gbà jáde, á pàdé ti iwájú, wọ́n á sì pa ara wọn rẹ́. Bẹ́ẹ̀sì ló ń jẹ ìyà yìí jù, torí ìgbì rẹ̀ gùn: ohùn tó ń gbọ̀n nígbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìgbì rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 7, ó gùn ju Corolla fúnra rẹ̀ lọ. Irú ìgbì bẹ́ẹ̀ á kàn rọra yí etí sípíkà po ni. Kò sí onílù tó máa gbé awọ gbẹ̀du nìkan lọ sóde kó fi igi rẹ̀ sílẹ̀ nílé. Ilẹ̀kùn ọkọ̀ sì rèé, òun ni igi sípíkà, ihò ló kún inú rẹ̀, ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi bò ó.

Ẹ dí àwọn ihò ńlá wọ̀nyẹn. Àwọn kan máa ń lo téépù oní-bitumen tí wọ́n fi ń dí òrùlé, ó sì pọ́ọ́kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ oòrùn Kaduna nínú oṣù Ẹrẹ́nà kò ní gbàgbé pé bitumen ń yọ́, ó sì ń rùn. Téépù oní-butyl ló yẹ kí ẹ béèrè. Ẹ má fọwọ́ kan àwọn ihò tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ibẹ̀ ni omi òjò ń gbà jáde, bí ẹ bá dí i, ìpẹtà ló kù.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ wáàtì. Páálí rédíò lè sọ pé 1000W, kí ẹ rẹ́rìn-ín kí ẹ sì máa lọ. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, iná tó wà nínú ọkọ̀ kò ju fóòtì 14 àti díẹ̀ lọ. Pẹ̀lú sípíkà ohm 4, nǹkan bíi wáàtì 20 ni ámpù kékeré inú rédíò lè fún sípíkà kọ̀ọ̀kan kí ohùn tó dàrú. Kẹ́ ẹ sọ 20 di 40, díẹ̀ báyìí ni etí máa mọ̀ ọ́n. Kí ohùn tó dà bíi pé ó di ìlọ́po méjì létí, agbára náà ní láti di ìlọ́po mẹ́wàá. Nọ́ńbà tó wúlò ni èyí tí wọ́n kọ dB sí lẹ́yìn páálí sípíkà. Sípíkà tó jẹ́ 92, wáàtì kan yóò ṣe iṣẹ́ tí sípíkà 86 máa fi mẹ́rin ṣe. Ámpù ọ̀fẹ́ nìyẹn. Ẹni tó bá sì fẹ́ ra ámpù dandan, kó fa wáyà tirẹ̀ láti ara bátìrì, kó sì fi fíúsì sí i nítòsí bátìrì gan-an, torí wáyà tó bá bó níbi tó ti ń ha ara irin lè dáná sun ọkọ̀.

Rédíò ni mo fi kásẹ̀ iṣẹ́ náà nílẹ̀. Kakuri kò jìnnà sí wa, níbi tí ilé iṣẹ́ PAN ti bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot pọ̀ ní 1975. Nígbà náà ọwọ́ la fi ń yí abẹ́rẹ́ rédíò ọkọ̀, a lè dá a dúró síbi tó bá wù wá. Ọdún 1975 yẹn kan náà ni ìpàdé Geneva fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé kí àlàfo láàárín àwọn ìkànnì AM nílẹ̀ Áfíríkà, Yúróòpù àti Éṣíà jẹ́ kHz 9; Amẹ́ríkà dúró lórí 10. Rédíò oní-nọ́ńbà inú tòkúnbọ̀ Amẹ́ríkà ń fò láti 590 sí 600. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè balẹ̀ sórí 594 tí a mọ̀ mọ́ Radio Nigeria Kaduna, ó ń gbọ́ ọ láti ẹ̀gbẹ́, bí ẹni tó ń yọjú lójú fèrèsé.

Rédíò àlòkù tí mo rà yìí ní ibi tí wọ́n ti ń yan àgbègbè. Rìwáyà tẹ bọ́tìnì kan, ó dì í mú títí ojú rédíò fi ṣẹ́jú, ó yí 10 sí 9. Ó wá tẹ̀ ẹ́ lọ sókè díẹ̀díẹ̀: 576, 585, 594. Kíkùn inú rédíò náà dáwọ́ dúró, ohùn ọkùnrin kan tó ń fi Hausa ka ìròyìn sì jáde ketekete láti ilẹ̀kùn méjèèjì.