Kí Ẹ Tó Ra Mọ́nítọ̀ Géèmù

Ẹni tó bá wọ Computer Village n'Ìkẹjà pé òun fẹ́ ra mọ́nítọ̀ géèmù, nọ́ńbà ni wọ́n máa fi pàdé rẹ̀: 144, 165, 240, 1 ms, 4K. Ọmọ tó ń tajà á máa ki ọjà rẹ̀ bí ẹni ń ki ọba aládé. Púpọ̀ nínú nọ́ńbà yẹn kì í ṣe irọ́. Ohun tí wọn kì í sọ fún oníbàárà ni pé mọ́nítọ̀ kì í dá àwòrán yà. Èyí tí kọ̀ǹpútà tàbí PlayStation bá rán sí i ló ń gbé jáde, bí wọn ò bá sì rán púpọ̀, nọ́ńbà ńlá ara páálí ò lè sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹ̀rọ tó wà nílé ni kí ẹ fi díwọ̀n mọ́nítọ̀ tí ẹ máa rà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí Hz. Àwòrán orí síkírìn kì í rìn rárá. Àwòrán tó dúró ni mọ́nítọ̀ ń pààrọ̀ wàrà-wàrà tí ojú wa fi gbà pé nǹkan ń rìn, iye ìgbà tó sì ń pààrọ̀ wọn láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ni Hz. Bí mọ́nítọ̀ bá jẹ́ 60 Hz, àwòrán kọ̀ọ̀kan máa lo nǹkan bíi 16.7 ms kí òmíràn tó gba ipò rẹ̀. Ms kan sì ni ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá. Ní 144 Hz, ó di 6.9 ms. Ní 240 Hz, 4.2 ms. Ẹ fara balẹ̀ wo ìṣirò yẹn. Láti 60 dé 144, ẹ jèrè nǹkan bíi 10 ms. Láti 144 dé 240, èrè yín ò pé 3 ms. Lójú tèmi, 144 tàbí 165 ti tó fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹni tó ń fi géèmù ìbọn bíi Counter-Strike tàbí Valorant díje ló lè máa wá 240 kiri.

Ta ló wá fẹ́ rán àwòrán 144 náà? PS4 kì í rán ju 60 lọ. PS5 àti Xbox Series X, tí wọ́n jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, lè dé 120, bí géèmù fúnra rẹ̀ bá gbà. Ẹni tó ra 240 Hz fún PS4 ti sanwó ohun tí kò ní fojú rí láéláé. Ní ti kọ̀ǹpútà, ọwọ́ káàdì àwòrán inú rẹ̀ ló kù sí: bí 70 bá ni gbogbo agbára rẹ̀, mọ́nítọ̀ 144 á kàn máa tún èyí tó ti gbé jáde gbé ni.

Àwọn mìíràn sì ní ẹ̀rọ tó lágbára, síbẹ̀ wọ́n ń lo 60 láti ọjọ́ tí wọ́n ti ra mọ́nítọ̀ ọ̀hún láìmọ̀. Windows lè fi mọ́nítọ̀ 144 sí 60, kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ wọ Settings, ẹ tẹ System, ẹ tẹ Display, kí ẹ wá tẹ Advanced display. Ibẹ̀ lẹ ti máa yan 144. Láti rí ìyàtọ̀ rẹ̀, ẹ di máòsì mú, kí ẹ máa fi ọfà rẹ̀ yípo kíákíá lórí síkírìn. Ní 60, ipasẹ̀ ọfà náà á jìnnà síra wọn. Ní 144, wọ́n á sún mọ́ra dáadáa. Bí 144 kò bá sí lára ohun tí Windows ní kí ẹ yàn, ẹ yẹ okùn àti ihò tí ẹ tì í bọ̀ wò. Lára ọ̀pọ̀ mọ́nítọ̀, ihò DisplayPort lágbára ju ihò HDMI lọ. Fún 4K, HDMI 2.0 kò kọjá 60, HDMI 2.1 ló ń gbé 120.

4K yìí gan-an ló ń tan èèyàn jù. Àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán, tí wọ́n ń pè ní píkísẹ́lì, lé ní mílíọ̀nù 2 lórí síkírìn 1080p. Lórí 1440p, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 3.7. Lórí 4K, wọ́n ju mílíọ̀nù 8 lọ, ìlọ́po mẹ́rin ti 1080p. Gbogbo wọn ni káàdì gbọ́dọ̀ kùn fún àwòrán kọ̀ọ̀kan. Bí káàdì ò bá lè gbé e, géèmù á máa wọ́ nílẹ̀; bí ẹ bá sì dín in kù sí 1440p lórí mọ́nítọ̀ 4K, àwòrán á ṣe bàìbàì díẹ̀. Ìnṣì 24 bá 1080p mu, ìnṣì 27 sì bá 1440p mu. Ẹni tó bá ra ìnṣì 27 tó jẹ́ 1080p máa rí píkísẹ́lì lójú kòrókòró, torí mọ́nítọ̀ ò jìnnà sójú bíi tẹlifíṣọ̀n.

Irú síkírìn tún wà. Àwọ̀ IPS kì í yí padà bí ẹ bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́, àmọ́ dúdú rẹ̀ máa ń jọ eérú nínú òkùnkùn. Dúdú VA jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n níbi tí géèmù bá ti ṣókùnkùn, ohun tó ń sáré á máa wọ́ òjìji tẹ̀ lé ara rẹ̀. Nínú OLED, píkísẹ́lì kọ̀ọ̀kan ló ń tan ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀, ó sì lè kú pátápátá, ìdí nìyẹn tí dúdú rẹ̀ fi dúdú lóòótọ́. Ó wọ́n, àmì góòlù tó bá sì ń dúró sójú kan lójoojúmọ́ lè fi àpá sílẹ̀ lára rẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bó bá jẹ́ ọ̀sán lẹ máa ń gbá géèmù, tí fèrèsé ṣí sílẹ̀ gbayawu nítorí ooru, ìmọ́lẹ̀ ìta á jẹ apá tó pọ̀ nínú dúdú olówó iyebíye yẹn.

"1 ms" tí wọ́n ń kọ sára páálí, ìyẹn àkókò tí píkísẹ́lì fi ń yí àwọ̀ padà, ẹ má fi ṣe ìdí tí ẹ fi ra ọjà. Ibi tó ti yá jù lọ ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n, nígbà tí wọ́n ti gbé Overdrive, ètò tó ń mú kí píkísẹ́lì yára yí àwọ̀, sókè tán, níbi tí ìlà funfun ti máa ń yí ohun tó ń rìn ká.

FreeSync àti G-Sync wúlò ju 1 ms yẹn lọ. Bí káàdì bá rán àwòrán tuntun nígbà tí mọ́nítọ̀ ṣì ń kun ti àtijọ́, òkè síkírìn á jẹ́ ti àtijọ́, ìsàlẹ̀ á jẹ́ tuntun: orí agbábọ́ọ̀lù wà níhìn-ín, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. FreeSync àti G-Sync ló ń mú kí mọ́nítọ̀ dúró de káàdì. Láti ọdún 2019 ni káàdì Nvidia ti ń bá mọ́nítọ̀ FreeSync ṣiṣẹ́. PS5 kò gba FreeSync o. VRR ti HDMI 2.1, tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, ló ń wá.

Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀ lẹ fẹ́ rà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ọ́fíìsì wá, 60 Hz sì ni wọ́n. Ẹ má fún wọn lówó kí ẹ tó rí i kó tàn. Ẹ ní kí wọ́n gbé àwòrán funfun, dúdú, pupa àti àwọ̀ ewé kún síkírìn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wá píkísẹ́lì tó ti kú. Lórí dúdú, ẹ wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bóyá ìmọ́lẹ̀ ń jò níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, tàbí àdápítọ̀ rẹ̀: 100–240V ló yẹ kí wọ́n kọ síbẹ̀. Bí wọ́n bá kọ 120V nìkan, ẹ dá a padà fún wọn.