Bí Jíà Mọ́tò Ilé Bá Ń Yọ̀, Kí Ni Kí A Kọ́kọ́ Wò?



Ọ̀pọ̀ ìdílé láàrin wa, ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní Àjàṣẹ́, ni ó ti ra jíìpù àlòkù tí ọkọ̀ ojú omi gbé wá sí èbúté Kútọnu. Púpọ̀ nínú àwọn mọ́tò wọ̀nyí, pàápàá àwọn tí ó ti Amẹ́ríkà wá, kò ní pẹ́dàlì kíláàṣì: fúnra wọn ni wọ́n ń pààrọ̀ jíà. Ìrọ̀rùn ni èyí jẹ́ fún ẹni tí ń wà wọ́n. Ṣùgbọ́n bí irú jíà bẹ́ẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí yọ̀, owó ilé-ìwé àwọn ọmọ lè bá a lọ. Nítorí náà ni ó fi yẹ kí a mọ ohun tí a ó wò kí a tó gbà pé jíà ti kú.

Báwo ni a ṣe ń mọ̀ pé jíà ń yọ̀?

Abẹ́rẹ́ méjì ni ó wà níwájú awakọ̀: ọ̀kan ń ka bí ẹ́ńjìnnì ti ń yí, èkejì ń ka bí mọ́tò ti ń sáré. Bí ẹ bá tẹ pẹ́dàlì epo, tí ẹ́ńjìnnì ké, tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ fò sókè, ṣùgbọ́n tí mọ́tò kò yára sí i, jíà ni ó ń yọ̀. Bí mọ́tò kò bá lágbára, tí abẹ́rẹ́ ẹ́ńjìnnì pàápàá kò sì gòkè, ó ṣeé ṣe kí àìsàn náà wà nínú ẹ́ńjìnnì. Àmì mìíràn ni pé bí a bá fi ọ̀pá jíà sí D tàbí R, mọ́tò a dúró díẹ̀ kí ó tó mú. Ewu ńlá ni èyí. Ẹni tí ó jáde láti kọjá akẹ́rù, tí jíà rẹ̀ sì yọ̀, ojú ọ̀nà ọkọ̀ tí ń bọ̀ ni òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ wà.

Kí ní ń fà á?

Nínú jíà yìí, epo ni ó ń ṣe iṣẹ́ tí ẹsẹ̀ awakọ̀ ń ṣe nínú mọ́tò oní-kíláàṣì. Pọ́ǹpù kan ń ti epo náà. Agbára epo yìí ni ó ń fún àwọn awo tẹ́ẹ́rẹ́ pọ̀ kí wọ́n lè di ara wọn mú. Bí epo bá dín, tàbí tí ó bá ti gbó, àwọn awo náà a máa yọ̀ lórí ara wọn. Yíyọ̀ ń mú ooru wá. Ooru ń jó epo. Epo tí ó jó sì ń mú kí wọ́n yọ̀ sí i. Àìtètè mólè, olè ń mólóko: ẹni tí ó ń wà á lọ bẹ́ẹ̀ yóò sọ àìsàn epo di àìsàn awo.

Kí ni kí a wò?

Èkíní, epo jíà. Ẹ dá mọ́tò tí ó ti gbóná dúró sí ibi tí ó tẹ́jú, kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́. Ẹ tẹ bíréèkì, ẹ mú ọ̀pá jíà dé ipò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ dá a padà sí P. Ẹ fa ọ̀pá ìwọ̀n epo yọ, ẹ nù ún, ẹ tì í bọ̀, ẹ tún fà á yọ. Ní ti Honda, a ń pa ẹ́ńjìnnì kí a tó fà á. Àwọn mọ́tò mìíràn kò ní ọ̀pá yìí rárá. Mekáníkì ni yóò wò ó láti abẹ́. Epo tuntun sábà máa ń pupa. Bí ó bá dúdú, tí ó sì ń rùn bí ohun tí ó jóná, àwọn awo ti ń jẹ. Bí ó bá dín, ó ń jò níbìkan: ẹ wá ibẹ̀, ẹ dí i. Ẹ má ṣe bu epo kan ṣáá sí i. Toyota tí ó ń lo epo WS kò gbọdọ̀ gba T-IV, bẹ́ẹ̀ ni Nissan oní-CVT ní epo tirẹ̀. Orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé mọ́tò.

Èkejì, kọ̀ǹpútà. Mọ́tò tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 ní ihò kan lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, níbi tí mekáníkì ń ti ẹ̀rọ ìkàwé bọ̀. Bí ó bá kọ P0730, jíà kò yí bí ó ti yẹ. Bí ó bá kọ P0750, ó ń tọ́ka sí fálífù kékeré oníná kan tí ń darí epo. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, a lè pààrọ̀ fálífù yìí láìsọ jíà kalẹ̀. Ẹ rántí Toyota RAV4 ti ọdún 2001 sí 2003: kọ̀ǹpútà ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó bàjẹ́, tí jíà fi ń já lójijì. Ẹni tí ó ra jíà mìíràn tí kò tún kọ̀ǹpútà ṣe, jíà kejì náà yóò bàjẹ́.

Ẹ̀kẹta, àwo ìsàlẹ̀ jíà. Òòfà wà nínú rẹ̀ tí ń mú èérún irin. Bí ó bá kúnná bí ẹ̀tù, kò burú. Bí ó bá jẹ́ àfọ́kù irin, ó di dandan kí a tú jíà. Nígbà náà ni a ó pààrọ̀ àwọn awo àti rọ́bà rẹ̀, tí a ó sì fọ ibi tí epo ti ń tutù, kí èérún àtijọ́ má baà padà wọ inú jíà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe.

Nítorí náà, bí mekáníkì bá ní kí ẹ lọ ra jíà àlòkù lójú ẹsẹ̀, ẹ fi sùúrù dá a lóhùn: “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ ka kọ̀ǹpútà rẹ̀, ẹ sì jẹ́ kí n rí epo inú rẹ̀.” Mekáníkì tí ó mọṣẹ́ kò ní bínú sí ọ̀rọ̀ yìí.

Bí mọ́tò bá kọ̀ láti lọ lójú ọ̀nà, ẹ má ṣe fi okùn fà á. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti kú, pọ́ǹpù kò ti epo mọ́, jíà yóò sì máa yí láìsí epo. Ẹ gbé e sórí akẹ́rù tàwọn ti táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Owó tí ẹ ó san fún akẹ́rù kéré sí owó jíà.