Ìdè kámẹ́rà tí ẹ lè fọwọ́ ara yín ṣe fún kẹ̀kẹ́ àti ọ̀kadà: ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀

Fídíò àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ tàbí ọ̀kadà ti gbòde kan lórí Facebook àti YouTube. Kámẹ́rà kékeré tí wọ́n so mọ́ kẹ̀kẹ́ tàbí mọ́ ara wọn ni wọ́n fi ń yà á. Kò pọn dandan kéèyàn ra ìdè tó ń di kámẹ́rà náà mú, ó ṣeé ṣe nílé. Ohun mẹ́ta ló ṣe kókó: kó má mì, kó má jábọ́, kó má sì ṣe ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ léṣe.

Ìdè ló ṣáájú kámẹ́rà

Nick Woodman, ará Amẹ́ríkà tó dá GoPro sílẹ̀, ìdè ló kọ́kọ́ ń wá. Ó fẹ́ so kámẹ́rà mọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀ kó lè máa ya àwòrán bó ṣe ń fi pákó sáré lórí ìgbì òkun. Ìgbà tó rí i pé àwọn kámẹ́rà tó wà nílẹ̀ ò lè gba ìyà yẹn ló tó pinnu láti máa ta tiẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 2004, fíìmù ló sì ń lò.

Kí ló ń ba fídíò jẹ́?

Àwọn kámẹ́rà yìí kì í ya odindi àwòrán lẹ́ẹ̀kan náà. Ìlà kan tẹ̀lé ìlà kejì ni wọ́n ń kà á. Bí ẹ́ńjìnnì tàbí gbágungbàgun ọ̀nà bá mì wọ́n láàárín ìyẹn, òpó iná tó dúró ṣánṣán á tẹ̀ kọ́lọkọ̀lọ bí ejò. Ìdí nìyẹn tí ìdè kúkúrú fi dára. Bí ọ̀pá bá ṣe gùn tó ni mímì rẹ̀ á ṣe pọ̀ tó.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é

Ẹ lọ bá fọkanáísà, kó bù yín ní róbà túùbù tó ti bàjẹ́. Ẹ wé e mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré kí ìdè má baà máa yọ̀. Bí ẹ bá wé e nípọn jù, kámẹ́rà á máa jó. Ẹ gbé pákó líle kékeré lé e, kí orí pákó yọ síwájú díẹ̀. Kílípù onírin méjì, irú èyí tí mẹkáníìkì fi ń di họ́ọ̀sì, ni kí ẹ fi fún pákó àti irin pọ̀. Ẹ lu ihò síbi tó yọ síwájú, kí bóòtù gba ìsàlẹ̀ wọ ìdí kámẹ́rà.

Ẹ ṣọ́ra níbi bóòtù o! Ihò ìdí kámẹ́rà sábà máa ń jẹ́ ìdámẹ́rin ínṣì, tí eyín 20 wà nínú ínṣì kan. Bóòtù mìlímítà 6, tó ń gba sípánà 10, jọ ọ́ gan-an, ṣùgbọ́n eyín wọn ò bára mu. Bí ẹ bá fipá yí i, ẹ ti ba ihò jẹ́ nìyẹn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi okùn kúkúrú kan so kámẹ́rà fúnra rẹ̀ mọ́ irin kẹ̀kẹ́. Bí ìdè bá já, okùn yẹn ni kò ní jẹ́ kó bọ́ síwájú ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹ rí i pé kò lè kan táyà tàbí wáyà bíréèkì.

Ẹ má lu akoto

Lọ́dún 2009 tí ìjọba fọwọ́ líle mú ọ̀rọ̀ akoto, àwọn ọlọ́kadà kan gbé igbá borí. Ìyẹn ò dáàbò bo ẹnikẹ́ni. Akoto tí wọ́n lu níhò ti ń lọ sọ́nà igbá náà, torí ike òde àti fóòmù inú ló jọ ń gba ìkọlù. Bẹ́líìtì tí wọ́n dè mọ́ àyà sàn jù, ara yín náà á sì gba díẹ̀ lára mímì yẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ lo fóònù ńkọ́? Lóṣù kẹsàn-án ọdún 2021, Apple kìlọ̀ pé mímì ẹ́ńjìnnì alùpùpù ńlá lè ba kámẹ́rà iPhone jẹ́.

Kí ẹ tó gbéra, ẹ di kámẹ́rà mú, kí ẹ gbọ̀n ọ́n dáadáa. Bó bá yẹ̀, ẹ tún un dè. Tẹ́ ẹ bá sì ti wà lórí ìrìn, ojú ọ̀nà ni kẹ́ ẹ máa wò, ẹ jẹ́ kí kámẹ́rà ṣe iṣẹ́ tiẹ̀.