Bí Kọ̀ǹpútà Méjì Kò Bá Gbọ́ Ara Wọn



Ní ọjà Ṣábẹ̀ẹ́, oníṣòwò tí ó kàwé ní Bẹ̀nẹ̀ gbọ́ Faransé. Èyí tí ó kàwé ní Nàìjíríà gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Bí àwọn méjèèjì bá pàdé, Yorùbá ni wọn yóò fi ná ọjà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà rí.

Windows ni ó ń darí àwọn kọ̀ǹpútà kan. Linux ni ó ń darí àwọn mìíràn. Ìṣe wọn yàtọ̀, ṣùgbọ́n èdè kan wà tí wọ́n lè fi fún ara wọn ní ìwé. SMB ni orúkọ rẹ̀. Iléeṣẹ́ IBM ní Amẹ́ríkà ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1983. Ní 1992, Andrew Tridgell, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ọsirélíà, gbé iṣẹ́ kan jáde tí a wá ń pè ní Samba. Ó fara balẹ̀ wo ọ̀rọ̀ tí àwọn ẹ̀rọ ń bá ara wọn sọ, títí ó fi mọ èdè náà. Nípasẹ̀ Samba ni Linux fi ń bá Windows sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ọmọ yín fẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò BEPC. Ìwé ìbí rẹ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà Windows yín. Linux ni ọmọ náà ń lò, kò sì rí ìwé náà. Ọjọ́ ń lọ. Kí ni kí ẹ ṣe? Ẹ má ṣe máa tẹ ohun gbogbo. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́sẹẹsẹ.

1. Ṣé ojú ọ̀nà kan náà ni wọ́n wà? Kí méjèèjì wà lórí Wi-Fi ilé kan náà. Bí ọ̀kan bá ń gba ti tẹlifóònù, wọn kò ní rí ara wọn. Kọ̀ǹpútà tí ó ti sùn kò sì lè dáhùn.

2. Ṣé ẹ mọ àdírẹ́sì? Orúkọ kọ̀ǹpútà lè má hàn, kí òun fúnra rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Lórí Windows, ẹ ṣí "Invite de commandes", ẹ kọ ipconfig. Ẹ ó rí nọ́ńbà IPv4, bí àpẹẹrẹ 192.168.1.10. Lórí Linux, ẹ ṣí ibi tí àwọn fáìlì wà, ẹ tẹ Ctrl pẹ̀lú L, kí ẹ kọ smb://192.168.1.10.

3. Ṣé ilẹ̀kùn ṣí? Bí Windows bá rò pé ìta gbangba ni òun wà, yóò ti ilẹ̀kùn. Níbi ètò Wi-Fi, ẹ mú "Privé" dípò "Public". Ilé yín nìkan ni kí ẹ ti ṣe èyí. Lẹ́yìn náà, ẹ mú fódà náà, "Propriétés", àti "Partage". Fódà kan yìí nìkan ni kí ẹ ṣí sílẹ̀.

4. Ṣé kọ́kọ́rọ́ bá a mu? Linux yóò béèrè orúkọ àti ọ̀rọ̀ àṣírí, èyí tí wọ́n kọ ní "mot de passe". Ti Windows ni kí ẹ kọ. Nọ́ńbà PIN kò lè ṣe é, nítorí orí kọ̀ǹpútà yẹn nìkan ni ó ti wúlò. Bí Windows yín kò bá ní ọ̀rọ̀ àṣírí, kì yóò gba àlejò. Ẹ kọ́kọ́ ṣe ọ̀kan.

5. Ṣé èdè àtijọ́ ni ọ̀kan ń sọ? SMB1 ni èdè àtijọ́ náà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2017, kòkòrò kan tí ń jẹ́ WannaCry gba ihò inú SMB1 wọ kọ̀ǹpútà ní orílẹ̀-èdè tí ó lé ní 150. Ó ti ìwé àwọn ènìyàn pa, ó sì ń béèrè owó. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ tún SMB1 ṣí, ẹ má ṣe gbà. Ẹ fi ètò tuntun sí kọ̀ǹpútà àtijọ́ náà. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ fi clé USB gbé ìwé náà.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ ka ohun tí kọ̀ǹpútà bá kọ sójú rẹ̀. Bí ó bá ti ń béèrè ọ̀rọ̀ àṣírí, a jẹ́ pé ẹ ti dé ẹnu ọ̀nà. Kọ́kọ́rọ́ ni ó kù. Ìdí nìyí tí a fi ń kọ́ ìwé kíkà.

Ìbéèrè
1. Kí ni SMB ń ṣe láàárín kọ̀ǹpútà méjì?
2. Kí ló dé tí PIN kò fi lè ṣí fódà náà?
3. Kí ló dé tí a kò gbọ́dọ̀ tún SMB1 ṣí?