Iye Họ́mọ́nù Nínú Ẹ̀jẹ̀ Obìnrin Tí Ń Wá Ọmọ

Ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin tí ń gba abẹ́rẹ́ kí dókítà lè gba ẹyin lára wọn, kí a sì fi àtọ̀ ọkọ wọn sọ ọ́ di ọlẹ̀ nínú ìgò, ni mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí. Mo rí i pé bí wọ́n bá ń dúró de dókítà, ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fi ń wé ara wọn. Ẹni tí iye tirẹ̀ pọ̀ a máa yọ̀, ẹni tí tirẹ̀ kéré a sì máa sunkún. Èyí kò tọ́.

Họ́mọ́nù tí à ń pè ní ẹsitirádíọ́ọ̀lù ni wọ́n ń wọ̀n. Inú àwọn àpò kéékèèké tí ẹyin ń gbé ni ó ti ń wá. Lóṣooṣù, àpò kan ṣoṣo ló sábà máa ń gbó; abẹ́rẹ́ tí a ń gbà fún bí ọjọ́ 8 sí 12 ló ń mú kí púpọ̀ gbó pọ̀. Àpò kan tó gbó a máa mú nǹkan bí 200 sí 300 pg/mL wá. Ilé àyẹ̀wò mìíràn a sì máa lo pmol/L, níbi tí 1 ti ń di bíi 3.7, ẹ ò rí i pé ìfiwéra yẹn lè ṣi ni lọ́nà! Iye náà ń sọ bí àpò ti pọ̀ tó, kò sọ bóyá ẹyin inú wọn dára. Ọjọ́ orí obìnrin ló ń sọ ìyẹn jù. Louise Brown, ọmọ àkọ́kọ́ tí a bí lọ́nà yìí, ní Oldham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1978, ẹyin kan péré ló ti wá, láìsí abẹ́rẹ́ tí ń sọ ẹyin di púpọ̀.

Bí iye náà bá ga jù, ewu ń bẹ. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ìkẹyìn, omi lè máa jò láti inú ẹ̀jẹ̀ sínú ikùn. Bí ikùn bá ń wú, tí èébì kò dá, tí ìtọ̀ dínkù, tàbí tí èémí ṣòro, ẹ̀yin ọkọ, ẹ má ṣe sọ pé oyún ló ń bá a jà, ẹ má sì wá àgbo. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, ìbáà ṣe òru. Ó ń pani.

Họ́mọ́nù kejì ni projẹ́sítírónì. Bí ó bá tètè ga kí a tó gba ẹyin, awọ inú ilé ọmọ a ti gbó ṣáájú ọlẹ̀, wọn kò sì ní bára mu. Nítorí èyí, tàbí nítorí ewu tí mo sọ lókè, dókítà lè fi ọlẹ̀ pamọ́ sínú òtútù líle, kí ó sì ní kí ẹ padà wá lóṣù mìíràn. Mo mọ̀ pé ó máa ń dun ni, pàápàá lẹ́yìn owó tí a ti ná, àwọn kan a sì rò pé wọ́n fẹ́ rẹ́ wọn jẹ. Ẹ bi dókítà ní ìdí rẹ̀, kí ẹ sì bi í pé ọlẹ̀ mélòó ló wà ní ìpamọ́.